Ọrùn ẹyẹlé tó ń lọ́: ṣé lúkúlúkú ni, àbí nǹkan mìíràn?

Àkànní_Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹyẹ. Ọyẹ́ ti ń súnmọ́lé, àsìkò tí ìbéèrè nípa ọrùn lílọ́ máa ń pọ̀ nìyẹn. Ìdáhùn kan náà ló sì máa ń wá: "Ẹ tú kápúsù tẹtirasáìkílìnì (ògùn apabakitéríà) sómi." Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àpẹẹrẹ tí a ó fi ṣe é rèé: ilé kan ní ogójì ẹyẹlé. Wọ́n ra mẹ́ta kún un láti ọjà, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ní ọjọ́ kejìlá, ilẹ̀ ilé ẹyẹlé bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, omi sì ń tètè tán. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, mẹ́rin ń gbọn orí, ọ̀kan nínú wọn ń ṣá oúnjẹ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a. Kí ni àrùn náà? Kí la ó kọ́kọ́ ṣe? Ta la ó gún lábẹ́rẹ́, ta la ó fi sílẹ̀?

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Lúkúlúkú ẹyẹlé ni. Omi ló sọ fún mi, ọrùn kàn wá jẹ́rìí ni. Bí ilẹ̀ ilé bá kọ́kọ́ tutù kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ má wá a lọ síbòmíì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró de ọrùn kí wọ́n tó gbà, nígbà yẹn àrùn ti yí gbogbo ilé ká.

Dókítà_Ẹran

Ìyá ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò tíì rí i rí.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa lúkúlúkú adìyẹ, èyí tí ìwé ń pè ní Newcastle. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i ní Nàìjíríà, láàárín ìparí 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì náà kan wà tó ti mọ́ ẹyẹlé lára. Apá Ìwọ̀-Oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó dé Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ti rí i lára ẹyẹlé Nàìjíríà pẹ̀lú. PPMV-1 lorúkọ rẹ̀ ní láàbù, àwọn ẹlẹ́yẹlé ń pè é ní paramyxo.

Kíndìnrín àti ọpọlọ ló ń bá jà, àmì ti kíndìnrín ló sì sábà máa ń ṣáájú. Ẹ wo ìgbẹ́ ẹyẹlé tó yá dáadáa: ó ní apá tó le, ó sì ní funfun bí ẹfun tó dé e lórí. Funfun yẹn ni ìtọ̀ rẹ̀. Bí paramyxo bá mú un, omi gedegbe bí omi òjò ni ẹ ó rí nílẹ̀, ìgbẹ́ tín-ín-rín bí okùn tó ká jọ á sì wà láàárín rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìgbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ kò yọ́. Bó bá jẹ́ aràn, coccidia (kòkòrò inú ìfun) tàbí E. coli (bakitéríà inú ìfun) ló fà á, ìgbẹ́ gan-an ló máa yọ́, tí á sì máa rùn. Ìyàtọ̀ tó ń dáàbò bo owó yín nìyẹn, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á lọ ra ògùn ìgbẹ́ gbuuru.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò: lálẹ́, ẹ tẹ́ páálí tàbí bébà funfun sábẹ́ igi tí wọ́n ń bà lé. Ẹ wò ó láàárọ̀ kùtù kó tó gbẹ. Ẹ tún máa wọn omi tí wọ́n ń mu. Ẹyẹlé kan a máa mu nǹkan bíi 30 sí 60 ml lójúmọ́, nítorí náà ogójì ẹyẹ kò yẹ kó mu ju nǹkan bíi lítà 2 àti ààbọ̀ lọ lọ́jọ́ tí oòrùn kò mú. Bó bá di lítà 3 tàbí 4 láìjẹ́ pé ooru pọ̀ tàbí pé ọmọ pọ̀ nínú ìtẹ́, ẹ ti rí ẹsẹ̀ àrùn.

Àmì ti ọpọlọ á tẹ̀lé e: orí gbígbọ̀n tó ń le sí i bí ẹ bá pàtẹ́wọ́ tàbí tí ẹ dédé wọlé, ọrùn tó lọ́ títí àgógó fi kọjú sókè, rírìn sẹ́yìn, yíyí òòyì, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ. Láti ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara dé ìgbà tí àmì á jáde lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kejìlá inú àpẹẹrẹ Àkànní bá a mu wẹ́kú.

Ọmọ_Ṣakí

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ti inú àpẹẹrẹ yìí dá mi lójú, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹni tó bá rí ọrùn lílọ́ kan ṣoṣo sáré wí pé paramyxo ni. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń lọ́ ọrùn ẹyẹlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Dókítà_Ẹran

O sọ̀rọ̀ gidi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ẹyẹ mélòó? Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, tí ilẹ̀ ilé sì gbẹ, ó lè jẹ́ pé ó fi orí gbá nǹkan, tàbí pé kòkòrò wọ inú etí rẹ̀.

Èyí tó jọ ọ́ jù ni Salmonella, bakitéríà tí àwọn ẹlẹ́yẹlé mọ̀ sí paratyphoid. Òun náà lè lọ́ ọrùn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń mú wọn, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fọwọ́ tọ́ oríkèé apá wọn wò: bó bá wú, tó gbóná, tí apá náà sì wọ́ nílẹ̀, Salmonella ni ẹ kọ́kọ́ máa rò. Ìgbẹ́ á máa ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ewé, ẹyẹ á rù, ọmọ á sì máa kú sínú ẹyin. Ìyẹn gbọ́ ògùn apabakitéríà tí àyẹ̀wò bá fọwọ́ sí. Paramyxo kò gbọ́.

Èkejì, ọwọ́ àwa ọlọ́sìn ló ń fà á. Amprolium tí a ń fún wọn fún coccidia máa ń dènà fítámì B1, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fún wọn ju iye ọjọ́ tó wà lára páálí lọ, tàbí tó ń fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹyẹ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wòkè bí ẹni ń ka ìràwọ̀. Ẹ dá amprolium dúró, ẹ fún un ní B1. Ọrùn yẹn a máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ wá ìdí rẹ̀ síbòmíì.

Ẹ̀kẹta ni májèlé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ọ̀gbìn tí wọ́n fi ògùn kòkòrò pò, tó sábà máa ń láwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ mìíràn, máa ń wà lójú oko. Ẹyẹ tó bá ṣà á jẹ á máa da itọ́, á gbọ̀n, á sì lè kú láàárín wákàtí mélòó kan. Paramyxo kì í yára bẹ́ẹ̀ lára àgbà ẹyẹlé.

Baba_Ilé_Ẹyẹ

Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ẹ wo ẹ̀yin onílé náà kí ẹ má yẹrí: ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ ń ṣàìsàn tó sì lọ kó wọn tà lọ́jà, òun ló ń gbé àrùn kiri àdúgbò.

Ìbéèrè mi: àwọn kan ń lọ ata wẹẹrẹ, aáyù àti ewúro sínú omi. Àwọn mìíràn ń da epo pupa sí wọn lọ́fun. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n jáwọ́ nínú epo. Ẹyẹ tí ọrùn rẹ̀ lọ́ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ojú ihò atẹ́gùn rẹ̀ wà nídìí ahọ́n, epo tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọjọ́ kejì ẹ ó máa sọ pé àrùn ló pa á. Ní ti ata àti ewúro, ẹyẹ tí kíndìnrín rẹ̀ ń jò nílò omi lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí omi bá korò tàbí tó ta á lẹ́nu, kò ní mu ún tó, gbígbẹ ara ló sì ń pa púpọ̀ nínú wọn. Aáyù kò pa á lára, kò sì pa fáírọ́ọ̀sì.

Àkànní_Ẹlẹ́yẹlé

Ó dáa. Ọjọ́ kẹrìndínlógún la wà, mẹ́rin ń gbọn orí, mọ́kàndínlógójì dà bí ẹni tó yá. Kí la ó ṣe láàárọ̀ yẹn gan-an?

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Ẹ ti ìlẹ̀kùn. Kí ẹyẹ kankan má jáde, kí tuntun má wọlé, kí àlejò ẹlẹ́yẹlé má wá kí yín. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí àyè mìíràn tí kò bá ti ìyókù fẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀gbẹ́. Lójoojúmọ́, àwọn tó yá ni ẹ kọ́kọ́ máa fún lóúnjẹ, ẹ̀yìn wọn lẹ ó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ẹ kò sì ní padà sọ́dọ̀ àwọn àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti fọwọ́, tí ẹ pààrọ̀ bàtà àti aṣọ. Ẹ ya agbada omi àti ìgbálẹ̀ wọn sọ́tọ̀. Ẹ kó àwọn adìyẹ inú agboolé kúrò nídìí ilé ẹyẹlé, kí wọ́n má ṣa oúnjẹ tó dà sílẹ̀ níbẹ̀, torí fáírọ́ọ̀sì yìí lè ran adìyẹ náà.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n rà lọ́jà ńkọ́? Kódà bí wọn kò bá ní àmì kankan, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìsàn.

Ọmọ_Ṣakí

Ṣé ká wá tú àjẹsára La Sota sómi fún gbogbo wọn kíá? Òun ló wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ògùn ẹran, kò sì wọ́n.

Dókítà_Ẹran

Rárá, àbúrò, ẹ má ṣe é lójú àrùn. La Sota tí à ń tú sómi jẹ́ àjẹsára alààyè tí wọ́n ṣe fún adìyẹ. Ààbò tó ń fún ẹyẹlé kò lágbára tó, kì í sì í pẹ́ lára wọn. Lọ́nà kejì, ẹyẹlé kì í mu omi bákan náà: ọ̀kan á mu 60 ml, ọ̀kan tó ń sàba lórí ẹyin á mu díẹ̀, òmíràn kò ní mu rárá kí wákàtí méjì tí àjẹsára fi lágbára nínú omi tó pé. Bó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi chlorine sí ni ẹ lò, ẹ ti pa á kó tó dé ẹnu wọn.

Èyí tó bá ẹyẹlé mu ni àjẹsára òkú, tí à ń fi abẹ́rẹ́ gún sábẹ́ awọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹyẹlé gan-an wà, bíi Colombovac PMV, 0.2 ml fún ẹyẹ kan. Bí ẹ kò bá rí i rà, dókítà ẹran lè lo àjẹsára Newcastle òkú olóróró tí wọ́n ń gún fún adìyẹ tó ń yé ẹyin, torí fáírọ́ọ̀sì méjèèjì bára tan tó láti dáàbò bo ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó wà lára ìgò yẹn, ti adìyẹ ni. Kí dókítà sọ ti ẹyẹlé fún yín.

Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn mọ́kàndínlógójì tí kò ní àmì lẹ ó gún, abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kan gún méjì lójú àrùn, ẹ ó kàn fọwọ́ ara yín tàn án ká ni. Ẹ fi mẹ́rin tó ń ṣàìsàn sílẹ̀, kò ní wúlò fún wọn báyìí. Kí ẹ sì mọ̀ pé díẹ̀ nínú àwọn tí ẹ gún ti ní fáírọ́ọ̀sì lára tẹ́lẹ̀. Ààbò ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó dúró. Bí àwọn kan bá gbọn orí láàárín ìgbà yẹn, ẹ má sọ pé abẹ́rẹ́ ló kó àrùn ràn wọ́n. Àjẹsára òkú kò lè fa àrùn náà.

Adé_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Bìrìtìkó níbí, òfin ló de ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó bá ń ṣètò eré ìje tàbí àfihàn ẹyẹlé gbọ́dọ̀ rí i dájú pé wọ́n ti gún àwọn ẹyẹ tó wá lábẹ́rẹ́ paramyxo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1984 wà lára ìdí tí wọn kò fi fojú kéré é. Ẹyẹlé ìgboro tó ní àrùn wọ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ ẹran pamọ́ sí ní èbúté Liverpool, wọ́n yàgbẹ́ sí i. Oúnjẹ yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́sìn adìyẹ, Newcastle sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín adìyẹ wọn. Nítorí náà, ibi tí ẹ ń kó àgbàdo àti ọkà bàbà sí ṣe pàtàkì bí ilé ẹyẹlé fúnra rẹ̀: dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, kì í ṣe àpò tó là sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí àdàbà ń bà lé.

Ọmọ_Ṣakí

Mo ti gbà lórí La Sota. Ẹ wá ṣàlàyé bí a ṣe ń gún un. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan gún ẹyẹ lọ́rùn, ẹyẹ kú lọ́wọ́ wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ní májèlé ni wọ́n tà fún wọn.

Dókítà_Ẹran

Ibi tí wọ́n gún un ló pa á. Abẹ́ awọ ọrùn ẹyẹlé kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó hun bí àwọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ bá ya á lápá òkè tàbí láàárín ọrùn, ẹ̀jẹ̀ á dà sábẹ́ awọ, ó sì lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Ẹnì kan di ẹyẹ mú, àyà rẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì láàárín ìka, àtàǹpàkò lórí ìyẹ́ apá. Ẹnì kejì á wá ìdí ọrùn lẹ́yìn, ibi tí ọrùn ti fẹ́ wọ ejìká, á ya ìyẹ́ sí ọ̀tún àti òsì títí á fi rí awọ, á fi ìka méjì fa awọ náà sókè bí àgọ́. Kí ẹnu abẹ́rẹ́ kọjú sí ìrù, kó dùbúlẹ̀ bá ẹ̀yìn ẹyẹ lọ, kó má kọjú sí orí láé. Ẹ tì í wọ abẹ́ awọ, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò wọ sírínjì, ẹ wá tẹ 0.2 ml náà díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹ́ bá tutù, abẹ́rẹ́ ti yọ sí òdìkejì, ẹyẹ yẹn kò gba nǹkan kan. Kókó kékeré lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá jẹ́ olóróró, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Sírínjì 1 ml ni kí ẹ lò, kí ẹ lè rí ìlà 0.2 dáadáa. Ìgò 20 ml yóò tó ọgọ́rùn-ún ẹyẹ. Àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8°C. Fírísà ń bà á jẹ́ ju oòrùn lọ nígbà mìíràn: bó bá dì, tí ẹ wá rí i tó pín sí ìpele méjì nínú ìgò, tí kò sì pò mọ́ bí ẹ bá mì í, ẹ dà á nù. Kí yìnyín inú kúlà má fara kan ìgò, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e. Ibi tí iná ọba kì í dúró, ọjọ́ tí ẹ ó gún un ni kí ẹ lọ rà á. Kó tó di pé ẹ gún un, ẹ jẹ́ kó kúrò ní tútù, kí ẹ sì mì í dáadáa.

Ọmọ ẹyẹlé lè gba tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ẹ parí rẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó tán, torí lúkúlúkú ń gbóná láàárín ọyẹ́. Ẹ má gún abo tí ẹyin ti sọ̀ sí nídìí, ó lè fọ́ sí i nínú bí ẹ bá ń dì í mú.

Àkànní_Ẹlẹ́yẹlé

Mẹ́rin tó ń ṣàìsàn ńkọ́? Ṣé ká pa wọ́n ni?

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Ìyẹn wà lọ́wọ́ onílé. Ẹni tó ní ọmọdé ẹyẹ púpọ̀, tí kò sì ní àyè ìyàsọ́tọ̀, ó sàn kó pa wọ́n kó sì sin wọ́n jìn, ó kéré tán bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ajá má baà hú wọn. Má jù ú sórí àkìtàn. Ṣùgbọ́n àgbà ẹyẹ tó bá rí ìtọ́jú sábà máa ń yè é. Ebi àti òǹgbẹ ló ń pa á níbi tí oúnjẹ wà.

Ẹ fi sínú páálí tàbí àgò tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí ariwo kò dé, láìsí igi ìbàlé. Ẹ fi aṣọ tàbí koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Ẹ bu oúnjẹ sínú agolo tó jìn bí 10 cm kó kún. Bí orí rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ó kàn máa ki àgógó bọ̀ ọ́ ni, kò nílò láti fojú sun hóró kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Omi náà bákan náà, inú ife tó jìn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, omi oníyọ̀ àti ṣúgà: lítà 1, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́. Kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ. Lẹ́yìn náà, fítámì B.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n ilé ìdáná lọ́jọ́ méjì-méjì. Ẹyẹ tó jẹ́ 350 g tó bá ti já sí 300, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bọ́ ọ: àgbàdo tí ẹ rẹ sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ títí ó fi rọ̀, hóró 20 sí 30, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ la ẹnu rẹ̀, ẹ fi hóró sẹ́yìn ahọ́n, ẹ jẹ́ kó gbé e mì kí ẹ tó fi òmíràn. Kí ẹ tó bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ iwájú ọrùn rẹ̀: bó bá ṣì kún, ẹ dúró.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ni orí gbígbọ̀n lè gbà, omi ìdí sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni kí ẹ fi yà á sọ́tọ̀, torí ó ṣì lè máa yàgbẹ́ fáírọ́ọ̀sì bó tilẹ̀ ti ń jẹun dáadáa.

Adé_Leeds

Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé olóde ẹyẹlé, àrùn tí ìwé ń pè ní pox. Mo mọ̀ pé Bàbá kò ní fẹ́ ká pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Baba_Ilé_Ẹyẹ

Olóde tó o pè é yẹn tó. Ti ẹyẹlé rọrùn láti mọ̀: kókó bí wóńwó lójú, nídìí àgógó, lẹ́sẹ̀, níbi tí kò sí ìyẹ́. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Kòkòrò pẹlẹbẹ tó ń sá sábẹ́ ìyẹ́ ẹyẹlé náà ń bá a gbé e. Ẹ má ṣí èépá rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wà nínú èépá yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ ó kàn fọ́n ọn ká ilé, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ fi áyódíìnì kàn án, kó gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá bo ojú méjèèjì, ẹ fi ọwọ́ bọ́ ọ.

Dókítà_Ẹran

Èyí tó wà lẹ́nu ló ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú, torí egbò òfeefee inú ẹnu lè jẹ́ olóde, ó sì lè jẹ́ canker, kòkòrò trichomonas tí òbí ń fi oúnjẹ ẹnu kó ran ọmọ. Ti canker dà bí wàrà tó dì, ó máa ń rùn, ó sì sábà máa ń ṣí láìṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ti olóde lẹ̀ típẹ́típẹ́, bí ẹ bá fà á, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Canker gbọ́ metronidazole: 50 mg fún ẹyẹ kan lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́rin hóró 200 mg nìyẹn. Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé tí kò yí padà, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má fi kún un. Fáírọ́ọ̀sì herpes ẹyẹlé náà lè fi egbò sẹ́nu, pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun àti imú tí funfun rẹ̀ di eérú. Ẹyẹ tó bá ti ní in ń gbé e kiri títí ayé rẹ̀.

Àjẹsára olóde jẹ́ alààyè. Ẹ fa ìyẹ́ kékeré 8 sí 10 nítan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ra ojú ihò ìyẹ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ padà wò ó: ihò ìyẹ́ tó wú ló fi hàn pé ó mú. Bí kò bá wú, kò mú nìyẹn, ẹ ó tún un ṣe. Oṣù Kejì sí Kẹta ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ̀fọn òjò tó dé. Ẹyẹ tó yá nìkan.

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Ẹ da omi ìwẹ̀ wọn nù lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ̀fọn kò nílò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá láti di àgbà nínú táyà tàbí agolo tó gba omi òjò. Kí ẹ máa gbọn ìtẹ́ nù lọ́sẹ̀ méjì-méjì, torí inú rẹ̀ ni ọmọ kòkòrò pẹlẹbẹ yẹn ń dàgbà sí.

Ọmọ_Ṣakí

Àwọn ọmọ ẹyẹ tí wọ́n ń bì, tí ìgbẹ́ wọn dà bí ewé, tí wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ kan ńkọ́? Ọrùn wọn kò lọ́.

Dókítà_Ẹran

Rotavirus ni mo kọ́kọ́ máa rò, tàbí adenovirus; fáírọ́ọ̀sì ni méjèèjì. Ti rota gbajúmọ̀ ní 2016 nígbà tó jà láàárín ẹyẹlé ìje ní Ọsirélíà, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà: èébì, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, oúnjẹ tí kò kúrò lọ́rùn, ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́, ikú kíákíá. Circovirus, fáírọ́ọ̀sì mìíràn, kì í sábà pa wọ́n fúnra rẹ̀, ó ń ba ohun tó ń dáàbò bo ara ọmọ ẹyẹ jẹ́ ni, kí E. coli àti canker wá rí àyè. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi ń tọ́jú canker léraléra tí kò lọ. Ìtọ́jú àwọn ọmọ ẹyẹ náà ni ooru ara, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, oúnjẹ díẹ̀, ààyè tí kò fún wọn pọ̀. Bí àgbà àti ọmọ bá ń kú lọ rẹrẹ, pàápàá tí adìyẹ ń kú pẹ̀lú wọn, ẹ pe iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran. Àrùn ẹyẹ H5N1 (bird flu) ti wọ Nàìjíríà láti 2006, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú lásán yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Newcastle.

Fún àyẹ̀wò, òkú tuntun nínú ọ̀rá méjì, nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kó dé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ má fi sí fírísà. Ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wà nítòsí fún ẹ̀yin apá ibí, NVRI, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí àrùn ẹran ní Vom, sì wà.

Àkànní_Ẹlẹ́yẹlé

Ó ku ti fífọ ilé. Ṣé Jik tó?

Adé_Leeds

Jik ń pa paramyxo, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lórí ìgbẹ́. Ẹ fi omi díẹ̀ rin ilẹ̀ kí eruku má gbé, ẹ ha ìgbẹ́ kúrò, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ife 1 Jik 3.5% sí ife 6 omi, á fún yín ní 0.5%. Kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kò gbọdọ̀ sí ẹyẹ nínú ilé títí òórùn á fi tán, ẹ má sì pò ó mọ́ ògùn ìfọ-ṣáláńgá. Circovirus le ju èyí lọ, fífọ̀ àti oòrùn ni ẹ máa gbára lé níbẹ̀. Ẹ bo ẹnu àti imú, kí ẹ má sì fọwọ́ nu ojú. Fáírọ́ọ̀sì Newcastle lè mú kí ojú èèyàn pọ́n fún ọjọ́ mélòó kan.

Àkànní_Ẹlẹ́yẹlé

Ìbéèrè mi tó kù: ọ̀kan nínú mẹ́rin náà yè, ọ̀sẹ̀ kẹwàá ti pé, ó ń jẹ, àmọ́ ọrùn rẹ̀ ṣì ń yí díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dẹ́rù bà á. Ṣé ó lè padà sínú ilé, ṣé ó lè pamọ?

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Ó lè padà tí gbogbo àwọn tó wà nínú ilé bá ti gba abẹ́rẹ́, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti kọjá lórí rẹ̀. Ó lè pamọ. Ẹ fún un ní ìtẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, kí igi ìbàlé rẹ̀ má ga ju 20 cm lọ, kí ẹ sì fi agolo oúnjẹ tó jìn sílẹ̀ fún un síbẹ̀. Ẹ má fi í fò pẹ̀lú àwọn tó kù. Àwọn mẹ́ta tó wá láti ọjà ni kí ẹ kọ ọjọ́ wọn sára ìlẹ̀kùn: ọgbọ̀n ọjọ́ ní àyè ọ̀tọ̀ fún ẹyẹ tuntun tó yá, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.